Ìlà Ṣọ́ọ̀kì Lára Òpó Kẹtàdínláàádọ́ta

Igba òpó ó lé méjìlá ló gbé afárá ńlá náà dúró, láti ibi tó ti gbérí sókè lẹ́yìn ilé-ìwòsàn títí dé ibi tó ti tún wọlẹ̀ lẹ́bàá odò. Ẹni kan ṣoṣo ló mọ gbogbo wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìyá ìbejì ṣe ń mọ ọmọ. Ó mọ èyí tó máa ń làágùn lásìkò òjò. Ó mọ èyí tí ẹyẹlé fẹ́ràn. Ó mọ èyí tí ọkọ ìyàwó kan fi ọkọ̀ kọ lù lọ́jọ́ ìgbéyàwó ara rẹ̀, tó sì tipa bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó tí kò fẹ́. Ehoro ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, nítorí etí. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ gùn. Etí kékeré tó lẹ̀ mọ́ orí ni. Iṣẹ́ tí etí náà ń ṣe ni wọ́n wò tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Iṣẹ́ náà rèé. Lóṣooṣù, Ehoro á mú òòlù kékeré kan, á dé akoto, á máa gbá àwọn òpó náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó. Tó bá kan abẹ́ afárá fúnra rẹ̀, á so òòlù mọ́ orí ọ̀pá gígùn, á máa kan án lókè bí ẹni ń já èso. Kò wo nǹkan kan. Ó ń gbọ́ ni.

"Kọnkéré tó dáa, tó o bá gbá a, á bínú," ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ máa ń wí. "Á dá ẹ lóhùn kíá: kéń. Èyí tómi ti wọnú ẹ̀, tí irin inú ẹ̀ ti ń dípẹtà, ọ̀lẹ ni. Bòò ló máa wí. Ìwọ ṣáà máa tẹ́tí."

Ibi tó bá dún kéń, Ehoro á fi ṣọ́ọ̀kì funfun fa ìlà kan ṣoṣo sí i, ìlà ìnàró. Ibi tó bá dún bòò, á fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká róbótó. Òfin ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó afárá, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ni pé bí ìlà bá di róbótó, ọjọ́ náà gan-an ni kó lọ fẹjọ́ sùn, kí àwọn tó ń tún un ṣe wá ha ibi tó ti jẹrà kúrò kí wọ́n sì dí i.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìjọba wó ilé ìyá rẹ̀ láti fi ṣe afárá yìí. Títì kéékèèké ló wà níbẹ̀ nígbà náà, pẹ̀lú orítá tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Òpó kejìlá ló hù síbi tí yàrá ìyá rẹ̀ wà. Nígbà tó gba iṣẹ́ òòlù ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ, á gbá a lẹ́ẹ̀kan, á ní, "Ẹ káàárọ̀, mà," kó tó bá iṣẹ́ lọ. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi kí òpó.

Etí ọ̀hún kò ṣeé fẹnu sọ. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan ó dúró nísàlẹ̀, ó gbọ́ pé táyà ọkọ̀ kan ti fẹ́ bẹ́ lókè afárá. Ó ní kí gbogbo èèyàn yàgò. Ó ka ení, ó ka èjì, kó tó ka ẹ̀ta, táyà bẹ́ gbàù. Ẹni tó bá ní irọ́ ni kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó sá.

Aránbàtà kan tó jókòó sábẹ́ òpó kẹtàdínláàádọ́ta ló sọ ọ́ ní Ehoro. Ọkùnrin náà ti wà níbẹ̀ fún ọdún méjìlélógún pẹ̀lú àpótí kan, ìlu kan tó fi ń lu awọ, àti ohùn tó nípọn bí ohùn akọ màlúù. Afárá ni òrùlé rẹ̀. Tí òjò bá ń rọ̀, á na ẹsẹ̀, á máa wo àwọn tó ń sáré. Ọ̀rẹ́ òun àti Ehoro le débi pé tí wọn kò bá tíì bú ara wọn láàárọ̀, iṣẹ́ kì í yá.

Ilé Ehoro kò jìnnà síbẹ̀: yàrá méjì lórí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, fèrèsé wọn sì kọjú sí afárá. Ẹni tó bá na ìgbálẹ̀ jáde lójú fèrèsé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbá ẹ̀gbẹ́ títì. Télọ̀ ni ìyàwó rẹ̀. Nítorí ọmọ wọn kan ṣoṣo tó di olùkọ́, Ìyá Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Ìdí fèrèsé yẹn ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà, kò sì lè rán aṣọ funfun láìfi ọ̀rá bò ó, nítorí èéfín ọkọ̀ á ti sọ ọ́ di aṣọ ọ̀fọ̀ kí aláṣọ tó dé.

Ọdún mẹ́rin kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀, etí Ehoro bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ohùn tó tín-ín-rín ló kọ́kọ́ lọ: ẹyẹ, agogo kẹ̀kẹ́, omi tó ń hó lórí iná. Ẹ̀rọ ìránṣọ tó ti ń bá ìyàwó rẹ̀ jà lé lórí láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra dákẹ́ ní tirẹ̀. Ó rò pé ìyàwó òun ti fi òróró sí i ni. Lóṣù kan, ó jáde pẹ̀lú òòlù, ó gbá òpó kejìlá, ó ní bòò. Ó gbá ìkẹtàlá, bòò. Ìkẹrìnlá, bòò. Kó tó dé ogún, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì yí òpó mẹ́jọ ká. Ó rò pé afárá ti kú mọ́jú. Ó ti ń sáré lọ sí ọ́fíìsì lọ kéde kó tó dúró lójú ọ̀nà. Ó rí irin ńlá tí wọ́n fi ṣe ààbò ẹ̀gbẹ́ títì, irin gidi tó yẹ kó han dé òdìkejì odò. Ó fi òòlù gbá a.

Bòò.

Ó yé e wàyí. Afárá kọ́ ló kú.

Ó padà sẹ́yìn, ó fi àkísà tútù nu róbótó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó fa ìlà sí ipò wọn. Ó ṣí ìwé tó fi ń kọ ohun tó bá gbọ́ fún ọ́fíìsì, ó da ti oṣù tó kọjá kọ. Ó ní oṣù yìí nìkan ni. Kí ni òpó fẹ́ fi ọgbọ̀n ọjọ́ dà? Oṣù kan di méjì, méjì di ọdún, ọdún di mẹ́rin. Lóṣooṣù ló ń jáde, tó ń gbá òpó, tó ń tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ń gbọ́ nǹkan, tó sì ń tún ìlà àtijọ́ fà. Ohùn ọkùnrin tó bá nípọn ṣì ń wọlé sí i létí díẹ̀. Ti obìnrin, ẹnu wọn ló ń wò. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

"Ẹ sọ fún wọn," ni Ìyá Tíṣà máa ń wí, á dojú kọ ọ́ kó lè rí ètè òun. "Àgbàlagbà lẹ. Etí àgbà a máa lọ."

"Kí n sọ pé Ehoro ò gbọ́ràn mọ́? Kí wọ́n wá máa pè mí ní kí ni? Ìgbín?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé tí àríyànjiyàn fi bẹ̀rẹ̀ nílùú. Afárá ti dàgbà. Ìjọba ìlú ní ọ̀nà méjì ló wà: kí àwọn tún un ṣe kó lè lo ogójì ọdún sí i, tàbí kí àwọn wó o, kí àwọn dá títì kéékèèké padà síbẹ̀ pẹ̀lú orítá, ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà, igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àti ilé tó dojú kọ títì bí ilé ọmọ èèyàn. Ilé pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ náà, àwọn ìbejì kan tiẹ̀ wà lójúlé kẹfà tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Àwọn awakọ̀ ẹlẹ́rù ní wíwó ẹ̀ dà bí ẹni gé ọ̀nà ọ̀fun ìlú. Àwọn tó ń gbé lẹ́yìn ìlú ní ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ń fi ìṣẹ́jú méje dé ilé-ìwòsàn, ta ló máa ka ìṣẹ́jú fún aláìsàn tí wọ́n bá dé orítá tí iná pupa dá wọn dúró?

Tíṣà, ọmọ Ehoro, ló ṣíwájú àwọn tó ní kí wọ́n wó o. Ọmọ mọ́kànlélógójì ló wà nínú kíláàsì rẹ̀, èéfín ọkọ̀ ti sọ mẹ́tàdínlógún nínú wọn di ẹni tó ń gbé ike oògùn ikọ́-fée kiri nínú báàgì, tí wọ́n máa ń fà sẹ́nu kí èémí wọn tó já gaara. Ó ka iye wọn fún gbogbo ẹni tó bá ní etí. Ó kà á fún Aránbàtà náà.

"Ọmọ mi, mo gbọ́," ni Aránbàtà wí, ìṣó mẹ́ta há a létè. "Ṣùgbọ́n òrùlé mi lo fẹ́ ká yìí. Tójò bá dé, ṣé wàá wá máa di agbòòrùn lé mi lórí?"

"Ẹ óò ní ṣọ́ọ̀bù, bàbá. Ṣọ́ọ̀bù tó nílẹ̀kùn."

"Ilẹ̀kùn? Kí n máa kan ilẹ̀kùn fún ara mi? Lọ béèrè lọ́wọ́ bàbá ẹ. Ó ní afárá yìí á sin gbogbo wa."

"Ìyẹn gan-an lẹ̀rù ń bà mí, bàbá."

Aránbàtà rẹ́rìn-ín débi tí ìṣó kan fi bọ́.

Ìjọba dá Ọjọ́bọ̀ kan. Ọjọ́ náà ni wọ́n máa pàdé ní gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n á gbọ́ tẹnu gbogbo ayé, ìgbìmọ̀ á dìbò. Ẹnjiníà àgbà ọ́fíìsì Ehoro wà lára àwọn tó ní kó dúró, ìwé Ehoro ló sì fi ṣe ọ̀pá ìtìlẹ̀: igba òpó ó lé méjìlá, mẹ́sàn-án péré ló ní róbótó tí àtúnṣe wọn ṣì ń dúró de owó, kò sì yí padà láti ọdún mẹ́rin. Afárá wo ló tún le jù báyìí lọ? Ó ní òun á pe Ehoro fúnra rẹ̀ kó wá jẹ́rìí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú, Tíṣà wá sílé. Ó wọlé pẹ̀lú ìwé lápá, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì jókòó sórí àpótí aṣọ ní iwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, mo fẹ́ bi yín léèrè kan, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ wò mí lójú."

Ojú kọ́ ni Ehoro ń wò. Ètè rẹ̀ ló ń wò.

"Àwọn kan lọ́dọ̀ wa fẹ́ kí n sọ nínú gbọ̀ngàn pé afárá yẹn ti jẹrà nínú. Mo ní mi ò ní sọ ohun tí mi ò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé ó le?"

Ìyá Tíṣà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ehoro rí i pé ó ń wo òun.

"Ó le," ni Ehoro wí.

"Ó dáa." Tíṣà mú bírò, ó fi fagi lé ojú ewé kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá ní ó le, ó le náà nìyẹn. Ti àwọn ọmọ ni màá sọ."

Nígbà tí ọmọ lọ, Ìyá Tíṣà padà sídìí iṣẹ́. Ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, Ehoro sì ń wo abẹ́rẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ láìsí ohùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí ọkọ̀ kì í pọ̀, Ehoro gbé òòlù, ó sì na akoto kejì sí ìyàwó rẹ̀.

"Wá bá mi gbọ́."

"Èmi?"

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lò ń mọ̀ pé abẹ́rẹ́ fẹ́ ṣẹ́ kó tó ṣẹ́? Tó bá dún kéń, na ìka kan. Tó bá dún bòò, la àtẹ́lẹwọ́."

Bí àwọn arúgbó méjì náà ṣe jáde nìyẹn. Ní òpó kejìlá, Ehoro gbá a, Ìyá Tíṣà na ìka kan. Inú Ehoro dùn bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ìyá rẹ̀ jí ire. Ìkẹtàlá, ìka kan. Ìkẹrìnlá, ìka kan. Ní ìkọkàndínlógún, obìnrin náà dúró díẹ̀, ó ní kó tún un gbá. Ó la àtẹ́lẹwọ́. Ìlà ni ó wà lára òpó náà. Wọ́n ń bá a lọ, Ehoro sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Nínú òpó mẹ́rìndínlógójì tí wọ́n gbá kí ọkọ̀ tó pọ̀, mọ́kànlá ló jẹrà. Ọ̀kan ṣoṣo nínú mọ́kànlá ni ìwé rẹ̀ mọ̀.

Èyí tó burú jù ni ìkẹtàdínláàádọ́ta. Àpótí Aránbàtà wà nídìí rẹ̀, wọ́n fi ṣéènì dè é mọ́lẹ̀. Ehoro na ọ̀pá sókè, ó kan abẹ́ afárá níbi tó ti bá òpó pàdé.

Ìyá Tíṣà kò la àtẹ́lẹwọ́. Ó fi méjèèjì bo ẹnu.

"Kí ló wí?"

Ó sún mọ́ ọn kó lè rí ètè òun. "Ó dún bí ilẹ̀kùn ilé tí kò séèyàn. Bàbá Tíṣà, ó fẹ̀. Ibi gbogbo lókè yẹn ló ń dún bẹ́ẹ̀. Ẹ fà á róbótó."

Ehoro yọ ṣọ́ọ̀kì. Ó gbé e sókè. Òfin wá sí i lọ́kàn: bó bá fà á lónìí, lónìí ló máa fẹjọ́ sùn, ẹnjiníà á sì wá, á wo bí ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, á bi í pé ìdíbàjẹ́ tó tó yìí, ṣé oṣù kan ló fi dàgbà? Ó dá ṣọ́ọ̀kì padà sápò.

"Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀," ló wí. "Nínú gbọ̀ngàn. Mo máa sọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èmi fúnra mi, lẹ́nu mi. Ó ti dúró fún ọdún mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́rin ni ò ní lè dúró?"

"Àti ọ̀rẹ́ yín ńkọ́?"

"Mo máa ní kó sún."

Ọjọ́ Ajé, ó lọ bá a. Aránbàtà ń lu àtẹ́lẹ̀ bàtà kan mọ́ ìdí, kò gbójú sókè.

"Ehoro. O ti jí? Mo rò pé o ti bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ wọ ihò lọ."

"Ẹnu ẹ á já lọ́jọ́ kan. Gbọ́, mo fẹ́ kó o gbé àpótí ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, nídìí ìkọkànléláàádọ́ta."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?"

"Ẹyẹlé. Wọ́n ń da ìgbẹ́ sí ẹ lórí."

"Ọdún méjìlélógún ni wọ́n ti ń dà á. Orí mi ti mọ́ ọn." Aránbàtà wá wò ó. "Kí ló dé gan-an?"

Ehoro ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, gbólóhùn kan péré ni. Ó rí bí ọkùnrin yẹn á ṣe rẹ́rìn-ín, bí á ṣe pe gbogbo ọ̀nà pé ẹ wá gbọ́ o, Ehoro ò gbọ́ràn. Kò sí ẹni tí ẹ̀rín rẹ̀ ń dùn ún tó ti ọ̀rẹ́.

"Kò sí nǹkan kan. Mo kàn ní kó o sún ni."

"Wò ó." Aránbàtà fi ìlu tọ́ka sókè, síbi tí ìlà funfun kan wà lára òpó, ìlà tí Ehoro tún fà lóṣù tó kọjá. "Kí nìyẹn? Ìlà ẹ kọ́? Tójò bá ń rọ̀ tí ilẹ̀ ń mì, màá gbójú sókè wò ó, màá ní ẹni tó fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́nu jíjá, etí ẹ̀ kì í purọ́. Ọkàn mi á balẹ̀. O wá ní kí n sún nítorí ẹyẹlé. Mú bàtà ẹ wá."

"Bàtà wo?"

"Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ. Ó ti la ẹnu bí ẹja. Ṣé èyí lo fẹ́ wọ̀ lọ dúró níwájú àwọn èèyàn ńlá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀? Bọ́ ọ sílẹ̀. Wá gbà á lọ́sàn-án Ọjọ́rú."

Ehoro bọ́ bàtà. Ó gba sálúbàtà kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ lọ sílé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹta náà ló dúró, lẹ́ẹ̀mẹta náà ni wọ́n bú ara wọn, tó sì lọ.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni. Ehoro wà nídìí òpó kejìlélọ́gọ́ta, ó ń lọ gba bàtà rẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan tó kó irin kọjá lókè. Kò gbọ́ ohunkóhun. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi mọ̀, bí ẹni pé ẹnìkan gbá ilẹ̀ lábàrá lábẹ́ sálúbàtà náà. Ó rí ẹyẹlé tó fò jáde lẹ́ẹ̀kan náà, bí àkísà funfun tí wọ́n jù sókè. Ó rí obìnrin kan tó ya ẹnu gbàgà, ẹnu náà kò sì pa dé. Àwọn èèyàn ń sáré, àwọn kan ń sáré lọ, àwọn kan ń sáré bọ̀, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ bí àlá.

Ohun tó já kò tóbi ju tábìlì ìjẹun lọ. Kò sì dìgbà tó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e kúrò lórí Aránbàtà, ọkùnrin mẹ́jọ ló gbé e, ìlu ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Eruku funfun bo gbogbo rẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Ehoro gbójú sókè. Ìlà tó fà sára òpó wà níbẹ̀ gbọnrangandan, kò tilẹ̀ parẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn kan jókòó sójú fèrèsé. Sálúbàtà òkú ló wà lẹ́sẹ̀ Ehoro. Ẹnjiníà àgbà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní àjálù ni, ojú kan ṣoṣo ló bàjẹ́, èèyàn kì í tìtorí eyín kan yọ gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní kí Bàbá tó ń yẹ òpó wò bọ́ síwájú. Ọmọlúwàbí ni ẹnjiníà náà, ó sún gbohùngbohùn mọ́ ọn lẹ́nu.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ilé. Lóṣù tó kọjá, kí lẹ fà sára òpó kẹtàdínláàádọ́ta?"

"Ìlà."

"Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ó dáa lọ́jọ́ yẹn."

"Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé mo fà á." Ehoro kò mọ bí ohùn òun ṣe ga tó; ó ga débi tí àwọn tó wà lójú fèrèsé fi dákẹ́. "Etí mi ti kú láti ọdún mẹ́rin. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà nínú ìwé yẹn, mo dà á kọ ni, láti oṣù dé oṣù. Mi ò mọ èyí tó dáa, mi ò mọ èyí tí ò dáa. Ọjọ́ Àìkú, ìyàwó mi bá mi gbọ́ mẹ́rìndínlógójì. Mọ́kànlá ló jẹrà. Ìyẹn wà lára wọn."

Alága ìgbìmọ̀ tẹ̀ síwájú. "Ọjọ́ Àìkú? Ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ Àìkú?"

Ehoro rí ètè rẹ̀ dáadáa. "Mo mọ̀."

Nínú èrò, aya Aránbàtà dìde. Ó rọra la àárín àwọn èèyàn kọjá, wọ́n ń yà fún un, ó sì jáde.

Wọ́n dìbò lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mẹ́rìnlá ní kí wọ́n wó o, mẹ́ta ní kó dúró. Àwọn ẹgbẹ́ Tíṣà pàtẹ́wọ́, wọ́n dì mọ́ra wọn, ẹnìkan gbé e sókè bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó wá bá bàbá rẹ̀ níta lórí àtẹ̀gùn, ó dúró síwájú rẹ̀ gan-an kó lè rí ẹnu òun. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un nígbà náà pé ètè ni bàbá rẹ̀ ń wò.

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo bi yín," ló wí.

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn sì pọ̀ ju gbogbo ohun tí wọ́n sọ nínú gbọ̀ngàn lọ.

Ọ́fíìsì lé Ehoro kúrò níṣẹ́. Wọ́n gbé e dé iwájú adájọ́. Adájọ́ wo ọjọ́ orí rẹ̀, ó wo etí rẹ̀, ó ní kó máa lọ sílé, kó máa lọ bá ara rẹ̀ gbé. Kò sẹ́ni tó pè é ní Ehoro mọ́, wọn kò sì fún un ní orúkọ mìíràn. Àwọn èèyàn ń kí i, wọ́n á wo ilẹ̀.

Ọdún méjì àti ààbọ̀ ni wọ́n fi wó afárá. Ojú fèrèsé ni ó ti ń wò ó. Òpó kejìlá fi ojú ẹ̀rọ rí màbo: ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ẹ̀rọ fi lù ú kó tó gbà fún wọn, irin ẹnu ẹ̀rọ mẹ́ta ló kán lára rẹ̀. Nígbà tó kan ìkẹtàdínláàádọ́ta, wọ́n gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó wó bí búrẹ́dì gbígbẹ.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó o ni aya Aránbàtà ti wá. Ó gun àtẹ̀gùn wá sókè, kò jókòó, kò mu omi tí Ìyá Tíṣà bù fún un. Ó gbé bàtà Ehoro kalẹ̀ sórí tábìlì, eruku funfun ṣì wà lára rẹ̀.

"Inú àpótí ẹ̀ ni mo ti rí i," ló wí, ó dojú kọ Ehoro. "Ẹsẹ̀ kan ló rán parí. Ọ̀kan kù."

Ehoro dọ̀bálẹ̀ fún un lórí pákó ilé. Obìnrin náà wò ó títí, ó ní kó dìde, pé ó dí ọ̀nà mọ́ òun. Ó sì lọ.

Ní báyìí, títì tuntun ti wà níbẹ̀, pẹ̀lú orítá, pẹ̀lú igi tí kò tíì ga ju ọmọdé lọ. Ìyá Tíṣà ń rán aṣọ funfun láìbò ó. Tíṣà máa ń kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, á gbójú sókè sí fèrèsé, á kúnlẹ̀ díẹ̀ lórí títì kó fi kí bàbá rẹ̀, á sì máa bá àwọn ọmọ lọ. Kì í gun òkè wá àyàfi tí ìyá rẹ̀ bá ránṣẹ́. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń yin ibẹ̀ pé ó pa rọ́rọ́, pé èèyàn lè gbọ́ èémí ara rẹ̀. Lójú Ehoro, bó ṣe dákẹ́ nígbà tí afárá wà náà ló ṣe dákẹ́ báyìí.

Bàtà wà lórí fèrèsé, ọ̀kan pa ẹnu dé, ọ̀kan la ẹnu. Kò lè wọ̀ wọ́n, kò sì lè gbé wọn fún ẹlòmíràn rán.

Lọ́sàn-án àná, ó fọwọ́ kan ìyàwó rẹ̀ léjìká níbi tó ti ń ránṣọ.

"Kí ló ń dún níta?"

Ìyá Tíṣà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó tẹ́tí fún ìgbà díẹ̀, ó wo fèrèsé, kò sì fẹ́ sọ ọ́. Ó wá kọjú sí i kó lè rí ètè òun.

"Bàtà," ló wí. "Bàtà àwọn tó ń kọjá ni."